Ọwọ́ Mi Ni Omi Gbà Wọ Bátìrì Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin ná. Èmi náà ti bú ara mi títí, èébú ti tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ nígbà náà ni bí a ṣe ń tọ́jú iná mànàmáná pamọ́. Mo ti gboyè àkọ́kọ́, oyè kejì ni mo wá lé. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, kì í rí i ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà wọn. Wọn á ní, "Ọmọ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bátìrì." Oníbàárà á ní, "Bátìrì tọ́ọ̀ṣì?" Màmá mi á fa abẹ́rẹ́ yọ, wọn á ní, "Ó ju ìyẹn lọ." Kí ni ó fi jù ú, àwọn náà ò mọ̀.

Ní yàrá ìwádìí wa, ohun kan wà tí à ń pè ní Àpótí. Gíláàsì ni, ó gùn tó ibùsùn ẹnì kan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà dúdú méjì sì yọ lára rẹ̀. Inú ìbọ̀wọ́ yẹn la máa ń ki apá bọ̀ dé ìgúnpá, tí a ó fi to bátìrì kéékèèké tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Kò sí irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí nínú Àpótí, gáàsì gbígbẹ kan ló kún un. Ọ̀tá bátìrì wa ni ọ̀rinrin. Èémí èèyàn lásán tó láti bà á jẹ́.

Nọ́ńbà kan ń tàn lójú Àpótí, òun ló ń sọ bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ìwé ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so bíró mọ́. Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ nọ́ńbà. Bí o bá ṣe tán, kọ nọ́ńbà. Ẹni tó bá ba Àpótí jẹ́ kò ní fọwọ́ kàn án fún oṣù méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ló ṣòfin yẹn, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani ju ti aláriwo lọ.

Ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo èyí ni Ẹ̀gbọ́n. A ò bá ara tan. Oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń lé, wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí n tó dé. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di bátìrì, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ka ìwọ̀n. Ìgbà tí mo fọ́ ìgò ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi, àwọn ni wọ́n sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé àwọn ló fọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi sè é, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sun ún. Inú ike kékeré kan ló wà, wọ́n sì ń pè é ní Àkọ́bí. Ìyàwó wọn máa ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ti ní àkọ́bí, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ mi?" Bátìrì tí wọ́n bá fi Àkọ́bí ṣe yẹ kí ó gba iná kí ó sì lò ó tán nígbà ẹgbẹ̀rún kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Lórí ẹ̀ ni oyè wọn dúró.

Ó wá di ọjọ́ Ọjọ́rú kan, aago mẹ́ta ti lù.

Mo ní bátìrì mẹ́wàá láti tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ fún mi pé bí mi ò bá kó wọn sórí ẹ̀rọ ìdánwò kí aago márùn-ún tó lù, àwọn mìíràn ló máa gba ẹ̀rọ náà, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Omi bátìrì tèmi ti tán. Omi yìí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ lásán ni, kò fẹ́ rí omi gidi sójú rárá.

Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Mú tèmi, Àbúrò. Ìgò yẹn nìkan ló kù mí kù, òmíràn ò ní dé títí oṣù márùn-ún. Dé e dáadáa."

Mo ní, "Ẹ má yọnu, Ẹ̀gbọ́n."

Mo to bátìrì mẹ́wàá, mo dì wọ́n pa. Omi bátìrì dà díẹ̀ sílẹ̀ Àpótí, bébà tí a fi ń nu nǹkan sì ti tán nínú ẹ̀. Bébà tuntun wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bébà kì í kàn wọ Àpótí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó gbẹ lójú, ó ń mu ọ̀rinrin. A gbọ́dọ̀ fi í sínú ààrò láti àná, kí a tó gbé e gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ Àpótí wọlé, kí a sì fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo wo aago. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì lá a. Mo ju bébà tí kò rí ààrò sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, mo fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ṣí ilẹ̀kùn ti inú.

Nọ́ńbà fò. Mẹ́rìnlélógójì.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le: kí n dé ìgò Ẹ̀gbọ́n, kí n ké sí wọn. Àwọn bátìrì mi mẹ́wàá ni mo rò. Mo kó wọn jáde, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ ìdánwò, mo so wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó padà. Nọ́ńbà ti di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ìgò Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ ní ṣíṣí, ìdérí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo dé e. Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Oṣù méjì láìfọwọ́ kan Àpótí, ẹ̀kọ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fi bíró olókùn yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ìdajì. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu dòní.

Nígbà tó di òwúrọ̀, Àpótí ti fọ ara ẹ̀ mọ́, nọ́ńbà ti sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan. Mo ní, ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì sí i, Ẹ̀gbọ́n wọlé, wọ́n ń súfèé. Bátìrì ọgọ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ tò, èyí tí wọ́n máa fi parí ìwé wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí wọ́n na ọwọ́ rọ́bà dúdú yẹn sí ìgò.

Mo pè wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n."

Wọn ò wẹ̀yìn. "Kí ló dé, Àbúrò?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó jókòó síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ọgọ́ta bátìrì yẹn ò rí ẹgbẹ̀rún. Wọn ò rí ọgọ́rùn-ún. Ní ogójì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan bí iná àbẹ́là. Ẹ̀gbọ́n tún to ogún mìíràn láti inú ìgò kan náà, nítorí kí ló máa mú wọn fura sí i? Ìgò yẹn ti ṣiṣẹ́ fún wọn rí. Ogún yẹn náà kú.

Wọn ò súfèé mọ́. Wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wo ìlà agbára bátìrì tó ń ṣubú, irùngbọ̀n wọn ń hù láìgé. Mo bá wọn ra búrẹ́dì lọ́sàn-án, kò dín kù nínú ọ̀rá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìwé Àpótí wá bá mi.

"Àbúrò, ìwọ lo lò ó kẹ́yìn kí n tó to ọgọ́ta yẹn. Ṣé nọ́ńbà yẹn ò gòkè rárá?"

Ìwé wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ wọn, ìka wọn wà lórí ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀kùn àánú nìyẹn. Ó ṣí gbayawu.

Mo ní, "Rárá o. Ìdajì ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo rí i. Mo kàn ní kí n bi ẹ́ ni." Wọ́n pa ìwé dé. "Má bínú, jọ̀ọ́. Kò yẹ kó dà bíi pé mò ń fura sí ẹ."

Èmi ni wọ́n bẹ̀!

Nígbà tí a ṣèpàdé, Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìlà tó ń ṣubú náà títí. Wọ́n ní, "Ọgọ́rin bátìrì ò lè parọ́. Àkọ́bí yìí ò lè pẹ́ láyé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Tìẹ ti kọjá ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni wàá lọ sọ̀rọ̀ níbi àpérò àwọn onímọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Ipò Ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ̀ ọ́. N ò ní tàn yín, inú mi dùn. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, inú mi sì tún dùn. Mo ra bàtà tuntun fún un.

Mo dúró síwájú àwọn èèyàn níbi àpérò náà, mo fi ìlà méjì hàn wọ́n lára ògiri. Mo ní, "Èyí tó ń ṣubú yìí ni ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó dúró gbọn-in ni tèmi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìlà ẹ̀yìn, àwọn ni wọ́n pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Màmá mi pè mí lórí fóònù láti kí mi kú oríire. Wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n fi ọ̀rọ̀ oríire sílẹ̀.

"Ọmọ mi, kò sí ẹni tí o ṣẹ̀ níbẹ̀, àbí?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá."

"Mi ò béèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, Ẹ̀gbọ́n pè mí sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí àgbá tí a ń da kẹ́míkà nù sí wà. Ike Àkọ́bí wà lọ́wọ́ wọn.

"Bá mi di àgbá yìí mú, kó má baà mì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀."

"Kí á tọ́jú ẹ̀ fún kí ni? Mo ti kọ̀wé pé mi ò ṣe mọ́. Iléèwé girama kan ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ó lè jẹ́ pé orí mi ò gbé irú ẹ̀kọ́ yìí, Àbúrò. Ọdún márùn-ún ló gbà mí kí n tó mọ̀."

Wọ́n yí ike dà. Ìyẹ̀fun dúdú dà sínú àgbá, ó rú díẹ̀, ó rọlẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá. Èmi ni mo di àgbá mú.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò lọ ju oṣù mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé yẹn ni Baba Ẹnjiníà dé láti tún Àpótí ṣe. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣàwàdà ni, ọdọọdún ló máa ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀, wọ́n wá kó ìwé wọn sínú páálí. Baba so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ẹ̀yìn Àpótí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló wẹ̀ nínú Àpótí yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Kí lẹ wí, Baba?"

"Ẹ wá wò ó. Ẹ̀rọ yìí ní ìwé tiẹ̀ tó ń kọ nínú, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń kọ ọ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó gbéra láti ìdajì, ó di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Kò sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Omi ló wọlé, bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

N ò mọ̀ pé ó ń kọ nǹkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé olókùn. Wọ́n fi ìka wá ọjọ́ náà. Wọ́n rí i. Ìkọ̀wé mi hàn ketekete, ó lẹ́wà pàápàá. Wọ́n gbé ojú sókè.

Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ wo ìwé. Èmi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, "Ìgò mi ńkọ́? Ṣé ó wà ní ṣíṣí?"

Ẹ rò ó wò. Wọn ò pè mí ní òpùrọ́. Ìbéèrè oníṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n bi mí.

Mo ní, "Ó wà ní ṣíṣí."

"Fún ìgbà wo?"

"Ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. Wọ́n ń ronú, ètè wọn ń mì. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ojú tí n ò rí láti oṣù mẹ́rin. "Omi ni. Omi ni! Kì í ṣe Àkọ́bí ló ń kú. Kò sóhun tó ṣe Àkọ́bí!"

Wọ́n yíjú sí pẹpẹ tí ike wọn máa ń wà, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ yẹn dúró lófuurufú.

"Mo ti dà á nù," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n jókòó lórí páálí ìwé, páálí náà tẹ̀ wọlé lábẹ́ wọn. "Ìwọ lo bá mi di àgbá mú."

Mo kúnlẹ̀. Baba Ẹnjiníà bọ́ fìlà wọn, wọn ò mọ ibi tí wọn ó wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ ọrùn mi, kí n lọ sílé, ọdún kan gbáko. Mo bọ́ ọ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, bọ́tìnnì kan já bọ́, kò sẹ́ni tó ṣà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Èmi náà ni mo ní bátìrì ò lè parọ́. Mi ò béèrè nípa èèyàn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn, wọn ò ní kí n wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n ni mo wá bẹ̀."

"Wọ́n ń sùn."

Mo rò pé ọ̀nà àtilé mi lọ ni. Wọ́n rí i lójú mi.

"Mi ò purọ́ fún ẹ. Láti ọ̀sán àná ni wọ́n ti ń sùn. Oṣù kẹrin rèé tí ọkọ mi ń jókòó sójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí wọ́n ń bi mí bóyá òpè ni àwọn. Àná ni wọ́n gbọ́ pé orí àwọn kọ́ ló burú. Wọ́n délé, wọn ò tilẹ̀ bọ́ bàtà." Wọ́n fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀. "Mi ò ní jí wọn kí ọkàn tìẹ lè balẹ̀."

Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ èèyàn ni mo bà jẹ́. Iwájú ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn, tí kò sí nínú ike kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ Ẹ̀gbọ́n padà, wọ́n fà á ya. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá mìíràn lẹ́nu ààrò, irun wọn ti funfun létí. Èmi náà parí ọdún kan ìjìyà mi, mo padà. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Wọn ò pè mí ní Àbúrò mọ́.

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n máa gbèjà iṣẹ́ wọn níwájú àwọn olùyẹ̀wò dé. Ẹnikẹ́ni ló lè wá jókòó. Mo jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Bátìrì wọn ti kọjá ẹgbẹ̀rún, ó ń lọ sí ẹgbẹ̀fà, ìlà náà dúró gbọn-in lára ògiri. Inú àwọn olùyẹ̀wò dùn. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá onígíláàsì kan, wá ń yẹ ìwé wò.

"Mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí kò sí àbájáde kankan. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Omi wọ ìgò mi, sà."

"Báwo ni omi ṣe wọ̀ ọ́?"

"Wọ́n ṣí i sílẹ̀."

"Ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, wọ́n wá mi títí wọ́n fi rí mi. Kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n ń dúró ni.

Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀. Ohùn mi wà lọ́rùn mi. Gbogbo ohun tí mo nílò kò ju kí n dìde lọ. Mo wo bàtà mi.

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà sí olùyẹ̀wò. Wọ́n ní, "Ẹni náà ló yẹ kó sọ ọ́, sà. Kì í ṣe èmi."

Wọ́n gboyè wọn lọ́jọ́ náà. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń dì mọ́ wọn. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má kọ èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ Àpótí ni mò ń sọ.

Olùyẹ̀wò béèrè pé ta ni. Èmi ni.